Mi Lavo, Mi Lava: Ẹ̀kọ́ Kékeré Lórí Ìwẹ̀ àti Ìmúra Òwúrọ̀ ní Èdè Ítálì

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ìwàásù ni wọ́n ń retí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ẹ̀kọ́. Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni òpó tí ó gbé gbólóhùn ró, títí di òní n kò sì tíì rí ohun tí ó mú mi yí èrò padà. Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá dá lórí bí àwọn ará Ítálì ṣe ń sọ pé àwọn jí, àwọn dìde, àwọn wẹ̀, àwọn fọ eyín, àwọn sì wọṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní ilẹ̀ náà lónìí. Ẹni tí kò bá ní, ẹ̀kọ́ náà yóò ràn án lọ́wọ́ láti tún Yorùbá ẹnu ara rẹ̀ gbọ́.

Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Padova, ìlú kan ní àríwá Ítálì, tí kò jìnnà sí Venezia. Nígbà tí ó bí ọmọ rẹ̀ kejì, èmi àti ìyá rẹ̀ lọ bá wọn gbé fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ tuntun ni iṣẹ́ ìyàwó mi. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin, ni iṣẹ́ tèmi. Ọmọkùnrin yìí gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Ítálì ni ó fi ń bínú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, mo tẹ̀ lé e wọ ilé ìwẹ̀, mo mú kànìnkànìn lọ́wọ́, mo sì fẹ́ bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀. Ó figbe ta: "Mi lavo da solo!" Mo ti ka ìwé kékeré kan lórí èdè náà nínú ọkọ̀ òfurufú, mo sì mọ̀ pé "lavo" túmọ̀ sí "mo ń fọ nǹkan". Mo wá bi í léèrè pé kí ni ó fẹ́ fọ̀. Ó tún gbólóhùn rẹ̀ sọ, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ìyá rẹ̀ ni ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi láti inú yàrá: "Bàbá, ó ní òun fẹ́ dá wẹ̀ fúnra òun ni." Sílébù kan ṣoṣo, "mi", ni mo fò, òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì rọ̀ mọ́.

Ọ̀RỌ̀-ÌṢE TÍ Ó PADÀ SÍLÉ

Ní Yorùbá, bí mo bá sọ pé "Mo wẹ̀", ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí ẹni tí yóò bi mí pé ta ni mo wẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni mo wẹ̀, n ó dárúkọ rẹ̀: "Mo wẹ ọmọ." Bẹ́ẹ̀ náà ni "Mo jí" àti "Mo jí ọmọ." Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Èdè Ítálì kò gba bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe "lavare" ń fẹ́ àbọ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá sọ "Lavo" lásán, ẹni tí ó ń gbọ́ yóò máa retí ìyókù: aṣọ ni, àwo ni, tàbí ọkọ̀? "Lavo la macchina" ni mo ń fọ ọkọ̀. "Lavo il bambino" ni mo ń wẹ ọmọ náà. Bí ó bá wá jẹ́ èmi fúnra mi ni omi ń dà lé lórí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde: "Mi lavo." Iṣẹ́ náà ti ọwọ́ mi jáde, ó sì padà wá bá mi. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí ni àwọn ará Ítálì ń pè ní "verbi riflessivi", èyí tí a lè pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó padà sọ́dọ̀ olùwà rẹ̀.

Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ ó dá wọn mọ̀ nípa ìparí wọn. A gé "e" ìkẹyìn "lavare" kúrò, a sì fi "si" rọ́pò rẹ̀: "lavarsi". Bí ó ṣe ń yí pẹ̀lú olùwà nìyí:

(io) mi lavo: mo ń wẹ̀
(tu) ti lavi: ò ń wẹ̀
(lui, lei) si lava: ó ń wẹ̀
(noi) ci laviamo: à ń wẹ̀
(voi) vi lavate: ẹ̀ ń wẹ̀
(loro) si lavano: wọ́n ń wẹ̀

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Èkíní, ọ̀rọ̀ kékeré náà máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ bá olùwà mu: "mi" ń bá "lavo" rìn, "ti" ń bá "lavi" rìn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fi sínú àkámọ́, "io", "tu" àti ìyókù, kì í sábà jáde lẹ́nu wọn, nítorí pé ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ti sọ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́.

Yorùbá náà ní ọ̀nà tirẹ̀ láti dá iṣẹ́ padà sọ́dọ̀ olùwà. Ọ̀rọ̀ náà ni "ara": ó yin ara rẹ̀, ó tan ara rẹ̀ jẹ. Ara tí a ń wẹ̀ náà ni a sọ di irinṣẹ́ gírámà. A sì tún ń lò ó fún ohun tí ẹni méjì ń ṣe sí ara wọn: "A kí ara wa." Èdè Ítálì ṣe bákan náà pẹ̀lú "ci" àti "si": "Ci salutiamo" ni a ń kí ara wa. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, èdè Gíríìkì ni ó kọ́kọ́ fi irú nǹkan báyìí hàn mí: "louo" ni mo ń wẹ ẹlòmíràn, "louomai" ni mo ń wẹ̀. Ìparí ọ̀rọ̀ ni Gíríìkì ń yí padà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni Ítálì ń fi síwájú.

LÁTI ORÍ IBÙSÙN DÉ ẸNU Ọ̀NÀ

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹ ó nílò láti ròyìn òwúrọ̀ kan nìyí:

svegliarsi: jí
alzarsi: dìde
lavarsi: wẹ̀
farsi la doccia: wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà
asciugarsi: nu ara
lavarsi i denti: fọ eyín
farsi la barba: fá irùngbọ̀n
pettinarsi: ya irun
truccarsi: kun àtíkè àti tìróò, ṣe ojú lóge
vestirsi: wọṣọ
mettersi le scarpe: wọ bàtà
guardarsi allo specchio: wo ara ẹni nínú dígí

Ní alẹ́, ẹ ó fi méjì kún un: "spogliarsi", bọ́ aṣọ, àti "addormentarsi", sùn lọ.

Nínú ilé ọmọ mi, bí òwúrọ̀ ṣe ń lọ nìyí. "Mia figlia si sveglia alle sei": ọmọ mi obìnrin ń jí ní aago mẹ́fà. "Mio genero si fa la barba": ọkọ ọmọ mi ń fá irùngbọ̀n rẹ̀. "Il bambino si alza alle sette": ọmọ náà ń dìde ní aago méje. "Noi ci vestiamo": àwa ń wọṣọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí a máa fi "mi" sí iwájú ohun gbogbo. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ òwúrọ̀ ni ó ń padà sórí ẹni tí ó ṣe é. "Faccio colazione", mo ń jẹun àárọ̀, kò ní "mi". "Esco di casa", mo ń jáde nílé, kò ní. Bákan náà ni "vado a letto", mo ń lọ sùn, ṣùgbọ́n bí oorun bá ti gbé mi lọ, "mi addormento" ni.

Bí "devo", mo gbọ́dọ̀, tàbí "voglio", mo fẹ́, bá wọ inú gbólóhùn, àyè méjì ni ó wà fún ọ̀rọ̀ kékeré náà. Ẹ lè sọ "Mi devo lavare", ẹ sì lè sọ "Devo lavarmi." Ìtumọ̀ kan náà ni: mo gbọ́dọ̀ wẹ̀.

ỌWỌ́ TA NI?

"Mi lavo le mani" ni mo ń fọ ọwọ́. Ẹni tí ó bá ti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì wọ Ítálì yóò fẹ́ sọ "le mie mani", àwọn ọwọ́ mi. Àwọn ará Ítálì kì í sọ bẹ́ẹ̀. "Mi" ti sọ ẹni tí ó ni ọwọ́. Kí ni a tún ń tún un sọ sí? Bẹ́ẹ̀ náà ni "si lava i denti", ó ń fọ eyín, àti "ti metti le scarpe", ò ń wọ bàtà. Ní ìhín, Yorùbá wa sún mọ́ tiwọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìyá tí ó ń pe ọmọ wá jẹun yóò sọ pé "Lọ fọ ọwọ́." Kò ní fi "rẹ" kún un, nítorí pé ọmọ náà mọ ọwọ́ tí ìyá òun ń sọ.

Pílátù fọ ọwọ́ rẹ̀ níwájú ogunlọ́gọ̀, ìwà rẹ̀ yìí sì ti di àkànlò èdè ní Ítálì: "Me ne lavo le mani." Ẹni tí ó bá sọ ọ́ ń sọ pé òun kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ má ṣe lò ó níbi ìjẹun o. "Ne" kékeré yẹn túmọ̀ sí "nínú ọ̀rọ̀ yìí", ó sì ti yí omi àti ọṣẹ padà di ìkọ̀sílẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ỌMỌDÉ, Ọ̀RỌ̀ ÀGBÀ

Inú àwọn òbí yóò dùn láti gbọ́ pé àwọn ará Ítálì náà mọ ọ̀wọ̀ lò nínú gírámà. Àwa ń sọ ẹnìkan di ọ̀pọ̀: "ẹ". Àwọn ń sọ ẹni tí ó dúró níwájú wọn di ẹnìkẹta, wọ́n ń pè é ní "Lei". Nítorí náà, "si" ni a fi ń bá àgbà àti àlejò sọ̀rọ̀, "ti" ni a fi ń bá ọmọdé àti ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Mo bi ọmọ-ọmọ mi pé: "A che ora ti alzi?" Mo bi bàbá arúgbó tí ó ń gbé ní òdìkejì ilẹ̀kùn wa pé: "A che ora si alza, signore?" Aago tí wọ́n ń dìde ni mo bi àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n bí mo bá fi "ti" bi bàbá yẹn, mo ti sọ ọ́ di ẹgbẹ́ mi láìjẹ́ pé ó gbà mí láàyè. Ní gúúsù Ítálì, àwọn kan ṣì ń fi "voi" bu ọlá fún àgbà, èyí tí ó jọ "ẹ" tiwa gan-an.

Bí ó bá jẹ́ àṣẹ ni ẹ fẹ́ pa fún ọmọdé, ọ̀rọ̀ kékeré náà ń lọ sí ẹ̀yìn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: "Svegliati!" jí! "Alzati!" dìde! "Lavati!" lọ wẹ̀! Fún ọ̀pọ̀ ọmọ: "Lavatevi!" Fún àgbà, ó ń dúró níwájú: "Si lavi."

Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní fi ojú kékeré wo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nínú àṣẹ wọ̀nyí tí a ń pa fún ọmọ kan ṣoṣo, sílébù àkọ́kọ́ ni a ń tẹ ohùn mọ́: "làvati", lọ wẹ̀. Bí ẹ bá tẹ àárín, "lavàti", ẹ ti sọ "àwọn tí a ti fọ̀". "Vèstiti" ni wọṣọ, "vestìti" sì ni aṣọ. Wọn kì í fi àmì wọ̀nyí sí i nínú ìwé. Etí ni yóò kọ́ yín.

OHUN TÍ Ó TI KỌJÁ

Bí mo bá ti fọ ọkọ̀ tán, "Ho lavato la macchina." Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wẹ̀ tán, "ho" kò wúlò mọ́, "sono" ni: "Mi sono lavato." Obìnrin yóò sọ pé "Mi sono lavata." Bí a bá pọ̀, "Ci siamo lavati", bí ó bá jẹ́ kìkì àwọn ọmọbìnrin, "Si sono lavate." Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ròyìn ìwẹ̀ rẹ̀ àná ń sọ bóyá ọkùnrin ni òun tàbí obìnrin, ohun tí Yorùbá kì í béèrè.

Ní oṣù mẹ́ta tí mo lò ní Padova, gbólóhùn kan ni mo fi ń jí ọmọ-ọmọ mi níyè lójoojúmọ́ kí ó tó lọ sí ilé-ìwé: "Ti sei lavato?" Ṣé o ti wẹ̀? Yóò dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Sì, nonno, da solo!" Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá àgbà, èmi nìkan ni mo dá a ṣe.

MI LAVO, MI LAVA

Ó ku ẹ̀kọ́ kan, òun ni ó jẹ́ kí n yan orí-ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ìpadàbọ̀ wa sílé, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù mí ní apá ọ̀tún. Ọlọ́run dá ẹ̀mí mi sí, ohùn mi sì padà kíákíá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi dùbúlẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tèmi. Ìyàwó mi ni ó ń wẹ̀ mí. Òun ni ó ń fọ eyín mi, òun ni ó ń wọ aṣọ fún mi. Mo ti wàásù lórí Pétérù tí ó kọ̀ kí Olúwa fọ ẹsẹ̀ òun fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ìgbà gbogbo ni mo sì ń bá Pétérù wí. Orí àpótí nínú ilé ìwẹ̀ tiwa ni mo ti mọ ohun tí ó ń ṣe ọkùnrin náà.

Ọmọ-ọmọ mi a máa pè wá lórí WhatsApp ní ọjọ́ Ìsinmi. Ó ti pé ọdún márùn-ún nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, ó wò mí lójú, ó sì dá ìbéèrè mi padà fún mi: "Nonno, ti sei lavato?"

Ìdáhùn tí ó rọrùn wà lẹ́nu mi: "Sì, mi sono lavato." Ọmọdé ni, ó sì jìnnà, kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ mí wò. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi jókòó tì mí, kànìnkànìn òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò sì tíì gbẹ. Mo sọ òtítọ́: "No. Mi lava la nonna." Rárá. Ìyá àgbà ni ó ń wẹ̀ mí.

Ẹ wo gbólóhùn náà dáadáa. "Mi lavo", "mi lava": fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. "Mi" wà nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé orí mi ni omi ń dà lé nínú àwọn méjèèjì. Ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó sọ ọwọ́ tí ó da omi náà. Bí "mi" àti ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe bá tọ́ka sí ẹnì kan náà, iṣẹ́ náà padà sọ́dọ̀ olùwà rẹ̀. Bí wọ́n bá tọ́ka sí ẹni méjì, ẹnìkan ni ó ń tọ́jú ẹlòmíràn. Ẹ tún kíyè sí i pé mo fi "la nonna" sí ìparí. Bí àwọn ará Ítálì bá fẹ́ kí a mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan gan-an, wọ́n lè fi olùwà sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, bí àwa ṣe ń fi "ni" sọ pé "Ìyá àgbà ni ó wẹ̀ mí."

Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó sì sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá pé: "Quando ero piccolo, mi lavava la mamma." Nígbà tí mo wà ní kékeré, màmá ni ó máa ń wẹ̀ mí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ó ń sọ "nígbà tí mo wà ní kékeré" yìí. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ìyàwó mi. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ọmọdé ni ó gba tèmi jáde nínú kèrègbè.

Oṣù púpọ̀ ni ẹni tí ó ń tọ́jú iṣan ara fi bá ọwọ́ ọ̀tún mi ṣiṣẹ́. Mo rí i nígbà náà pé ènìyàn lè fi ọwọ́ kan jẹun, ó lè fi ọwọ́ kan ya irun, ṣùgbọ́n kò lè fi ọwọ́ kan fọ ọwọ́. Ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Àwọn ará Ítálì ní òwe kan náà: "Una mano lava l'altra." Ọwọ́ kan ń fọ èkejì, kò sí "si" níbẹ̀, nítorí pé ọwọ́ kankan kò lè dá fọ ara rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, kí n tó lọ sí ilé ìsìn, mo dúró níwájú omi, ọwọ́ ọ̀tún mi sì gùn orí òsì, ó rọra ń fi ọṣẹ pa á. Nígbà tí ọmọ náà pè ní ìrọ̀lẹ́, n kò jẹ́ kí ó béèrè. Mo ní: "Mi sono lavato le mani." Ó ní: "Da solo?" Mo ní: "Da solo." Ó pàtẹ́wọ́ fún mi.

ÌDÁNRAWÒ

Ẹ túmọ̀ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí sí èdè Ítálì kí ẹ tó wo ìdáhùn.

1. Mo ń jí ní aago mẹ́fà.
2. Àwọn ọmọ ń fọ eyín.
3. Màmá, aago mélòó ni ẹ máa ń dìde? (Obìnrin àgbà tí ẹ kò mọ̀ rí ni.)
4. Àbúrò mi obìnrin ti wọṣọ.
5. Ìyá ń wẹ ọmọ. Ọmọ ń wẹ̀.

Ìdáhùn: 1. Mi sveglio alle sei. 2. I bambini si lavano i denti. 3. Signora, a che ora si alza? 4. Mia sorella si è vestita. 5. La mamma lava il bambino. Il bambino si lava.

Fún ẹ̀yin tí a jọ gbé inú ọgbà, iṣẹ́ kan ṣì kù. Ẹ rántí òwúrọ̀ ilé ibùgbé wa: agogo, òkùnkùn, korobá omi tútù. Ẹ fi "ci" kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: "Ci svegliamo, ci alziamo, ci laviamo, ci vestiamo." Kí ẹ sì pe ọmọ-ọmọ yín tí ó wà ní Ítálì, kí ẹ kà á fún un. Bí ó bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí ó tún un ṣe fún yín.